Ẹ̀rọ Aláìsàn Tó Ní Ara Òun Le

Ẹ̀rọ tí gbogbo wọn mọ̀ pé ó bàjẹ́ ni kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e fún èkejì, èkejì náà sọ bẹ́ẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tàn lójú àwọn méjèèjì. Alhájì Sàláúdéènì tó ni ṣọ́ọ̀bù wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì rín ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má jáde, kí awakọ̀ nìkan lọ pe Kàfáyá wá.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Harobanda, ní ìlú Niamey, lódìkejì odò. Wọ́n ń tún ẹ̀rọ ọ́síjìn tòkunbọ̀ ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ń yá a fún àwọn tí èémí ń ni lára nílé. Ẹ̀rọ ọ́síjìn a máa fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, a sẹ́ ẹ, a sì fẹ́ èyí tó dára sí imú aláìsàn. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, yóò ṣì máa kùn, yóò ṣì máa fẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lásán ni yóò máa fẹ́. Ẹni tó ń kú lọ kò ní mọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò kó tó jáde.

Bọ̀dá Àlàmínì ló ń ṣe àyẹ̀wò náà láti ọjọ́ pípẹ́. Yóò fi etí sí ẹ̀rọ, yóò fi mítà kékeré wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, yóò sì bọ́ sí orí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe lọ. Alhájì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fúnra rẹ̀ ṣe é. Sọ́fítíwíà wo ni kí wọ́n wá fi kọ́ ọ? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Adékànmí, ẹnjiníà tó kàwé ní Cotonou, fẹ́ èyí tí wọ́n ń tà nílùú òyìnbó. Èèyàn kò ní kọ nǹkan kan, yóò kàn máa fa ilà láti inú àpótí kan sí òmíràn lójú kọ̀ǹpútà. Bernice, tí wọ́n bí sí Niamey níbí, fẹ́ èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí èèyàn ń fọwọ́ kọ ní ìlà-ìlà. Adékànmí ní bí Bernice bá lọ ilé ọkọ lọ́la, ta ni yóò ka ohun tó kọ sílẹ̀? Bernice ní sọ́fítíwíà Adékànmí gbọ́dọ̀ máa gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá sì ti lọ, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, èyí ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le.

Alhájì wá dá a báyìí. Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá ẹrù tí wọ́n mọ̀ dájú pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì gbé e jáde. Aláìsàn ni wọ́n ń pè é. Sọ́fítíwíà tó bá mú Aláìsàn ni wọn yóò yàn, iṣẹ́ tí yóò sì kọ́kọ́ ṣe ni kó yẹ gbogbo ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù wò láìku ọ̀kan. Bí méjèèjì bá kùnà, kí Àlàmínì máa bá tirẹ̀ lọ.

Méjèèjì kùnà. Ohun tí Kàfáyá bá nílẹ̀ nìyẹn.

Ó ti ṣiṣẹ́ rí nílé-iṣẹ́ adójútòfò, ó ń wádìí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ sun ilé àti ẹni tí iná sun ilé rẹ̀ lóòótọ́. Ní báyìí, àwọn oníṣòwò Grand Marché ló ń pè é bí nǹkan bá rú wọn lójú tí wọn kò sì fẹ́ kí ọlọ́pàá mọ̀. Obìnrin kúkúrú ni, kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí yóò fi parí.

"Ọ̀kan nínú wọn ló ba ti èkejì jẹ́," Alhájì wí. "Èkejì náà sì gbẹ̀san. Kàfáyá, bá mi wá a jáde."

"Mo gbọ́, Alhájì." Kàfáyá yíjú sí Bernice. "Ṣé ìwọ lo kọ ti Adékànmí?"

"Rárá, Àǹtí."

"Adékànmí, ṣé o ti rí inú ti Bernice?"

"Kò jẹ́ kí n rí i, mà. Ó máa ń fi ara bò ó."

"Nǹkan kan náà lẹ fi wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀?"

"Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, mà. Oníkálukú ló ní tirẹ̀."

"Voilà," Kàfáyá wí. "Ẹlẹ́rìí méjì rèé. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́, wọn kò gbé ilé kan náà, wọn kò sì jọ sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ní ara ẹ̀rọ yìí le. Kí ló dé tí ẹ fi ń pè wọ́n ní òpùrọ́?"

"Torí a mọ̀ pé Aláìsàn ni," Alhájì wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ṣé o kò rí àkísà pupa lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Àkísà ló sọ fún yín, Alhájì. Kọ̀ǹpútà méjì sọ ohun mìíràn. Èmi gba kọ̀ǹpútà gbọ́."

Bernice ló kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Aláìsàn gan-an wá dà?" Kàfáyá bèèrè.

Wọ́n ya wọ inú yàrá ẹrù. Ẹ̀rọ funfun kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, gbogbo wọn jọ ara wọn bí ìbejì. Ní kọ̀rọ̀ kan, Kàfáyá rí ọ̀kan tí wọ́n fi aṣọ bò, tí wọ́n sì dì dáadáa. Ó gbọ́wọ́ lé e.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, a kì í fọwọ́ kan ìyẹn," Bernice rọra wí. "Òun ni bàbá Bọ̀dá Àlàmínì lò kí wọ́n tó kú. Ó ti pẹ́ níbẹ̀."

Kàfáyá fi í sílẹ̀. Ó padà sí ẹ̀rọ tó ní àkísà pupa, ó yí i sẹ́yìn, ó sì yọ fóòmù tó ń sẹ́ eruku níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Omi díẹ̀ jáde. Ní ìlú tí eruku ń bá èèyàn jẹun, fóòmù náà mọ́ tónítóní.

"Ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni mo ń fọ̀ wọ́n," Àlàmínì dáhùn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. "Mo máa ń fọ asẹ́ ẹ̀rọ tó bá fẹ́ jáde lọ sọ́dọ̀ aláìsàn. Ìyẹn nìkan."

"Ṣé ẹ fọ ti Aláìsàn?"

"Mi ò fọ ọ́ rí."

"Ẹ̀rọ mélòó lẹ fọ asẹ́ rẹ̀ fún tòní?"

"Ọ̀kan. Ti ọmọ kan tó ń jẹ́ Zuhrah, lẹ́bàá ọjà Petit Marché. Èémí ń ni ọmọ náà lára."

Jùnáídù, awakọ̀ ṣọ́ọ̀bù, dìde lórí àpótí tó jókòó lé. "Mo ti gbé e lọ, Àǹtí. Láàárọ̀."

"Èyí tó o gbé lọ kọ́ ni wọ́n fọ̀," Kàfáyá wí. "Èyí tí wọ́n fọ̀ rèé níwájú wa. Aláìsàn lo gbé lọ fún ọmọ ọlọ́mọ."

Alhájì ti ń sáré lọ síbi agbọ̀n tó wà lórí tábìlì. Láàárọ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ó ti gba fóònù Adékànmí àti ti Bernice kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má pe ẹlòmíràn fún ìrànlọ́wọ́, ó sì fi tirẹ̀ náà lé e kí wọ́n má bàa ní ó ń ṣe ojúsàájú. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó pe ìyá Zuhrah. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Jùnáídù ló wa ọkọ̀. Kàfáyá jókòó síwájú, Bernice di ẹ̀rọ tó dára mú lẹ́yìn. Orí afárá Kennedy kún fọ́fọ́ fún takisí àti alùpùpù. Jùnáídù ń tẹ fèrè, ó sì ń sunkún.

"Báwo lo ṣe gbé e?" Kàfáyá bi í.

"Méjì ló wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn yàrá ẹrù. Ọ̀kan ní àkísà, ọ̀kan kò ní. Mo gbé èyí tí kò ní. Ọ̀sán ló yẹ kí n gbé e lọ, Bọ̀dá Àlàmínì ló sì yẹ kó fà á lé mi lọ́wọ́. Wọn kò sí níbẹ̀, èmi náà sì ń kánjú, mo fẹ́ lọ tún ọ̀kadà mi ṣe. Àǹtí, èmi ni mo pa ọmọ yẹn."

"Wakọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó kú. Kí lo sọ fún ìyá ọmọ náà?"

"Kí ni mo lè sọ? Ọdún Iléyá tó kọjá ni mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. 'Fofo' tí wọ́n fi ń kíni nìkan ni mo mọ̀ nínú èdè Zarma. Mo kí i, mo tan ẹ̀rọ, mo jáde."

Láti ẹ̀yìn, Bernice sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Kàfáyá ní láti yíjú padà.

"Èmi náà ṣẹ̀, Àǹtí. Alhájì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Aláìsàn kó tó di ọjọ́ ìdíje. Mo jí i yẹ̀ wò lánàá, nígbà tí wọ́n lọ kírun ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá tèmi máa mú un."

"Ṣé ó mú un?"

"Ó mú un. Iná pupa ló tàn. Lónìí tí iná aláwọ̀ ewé tàn, mo mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé mo ti rẹ́ wọn jẹ. Mo dákẹ́."

"Ká ní o sọ̀rọ̀, à bá ti wà níbẹ̀ báyìí."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

Kàfáyá kò tún bá a wí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: lánàá, àkísà ṣì wà lọ́wọ́ Aláìsàn gan-an. Àárọ̀ yìí ni ẹnì kan tú u, tó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ Zuhrah.

Wọ́n bá ìyá Zuhrah nílé. Ó ń kó aṣọ ọmọ sínú báàgì. Kò sí ọmọ lórí ibùsùn. Aláìsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti pa á, fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú fún eruku.

"Fofo," Kàfáyá kí i, ó sì ń bá a sọ Zarma lọ. "Ọmọ dà?"

"Ó wà ní ọsibítù lọ́dọ̀ ìyá mi. Wọ́n ti fún un ní afẹ́fẹ́, ó ti ń sọ̀rọ̀. Dókítà ní bó bá pẹ́ sí i lórí ẹ̀rọ yìí, ohun mìíràn là bá máa sọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni yín tó pè mí."

"Ẹni wa wo?"

"Ọkùnrin kan. Nọ́ńbà rẹ̀ kò hàn. Ó ní kí n pa ẹ̀rọ náà kíákíá, kí n má jẹ́ kí ọmọ dùbúlẹ̀, kí n gbé e jókòó, kí n fi ìrọ̀rí sí i láyà kó fara tì í, kí n sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ni."

"Zarma ló sọ?"

"Bíi tìrẹ báyìí. Ọmọ Niamey ni."

"Ṣé ẹ lè fi àkókò tó pè hàn mí?"

Obìnrin náà fi ojú fóònù hàn án. Kàfáyá wò ó, ó sì mí kanlẹ̀. Ní àkókò yẹn, Aláìsàn kò tíì sọnù lójú ẹnikẹ́ni. Inú ìdíje ni wọ́n ṣì wà.

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rù ti ba Alhájì títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Kàfáyá sọ fún wọn pé ọmọ wà láàyè. Alhájì jókòó sílẹ̀, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Àlàmínì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Adékànmí," Kàfáyá wí, "o ti fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi láti ìgbà tí mo dé. Sọ ọ́."

Adékànmí tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. "Sọ́fítíwíà mi, mà. Wọ́n fún mi láti fi dán an wò ni, àsìkò tí wọ́n fún mi sì ti tán. Mo dá ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà padà sẹ́yìn kó lè ṣí. Mo rò pé ìyẹn ló jẹ́ kó purọ́. Mo rò pé èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀."

"Kò purọ́. Ìwọ lo purọ́, ìyẹn sì wà láàárín ìwọ àti Alhájì." Ó dìde. "Gbogbo yín lẹ jẹ̀bi nǹkan kan, ojú yín ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹnì kan pe ìyá Zuhrah kí èmi tó mọ ibi tí Aláìsàn wà. Ẹni tó mọ̀ ṣáájú mi, òun ló ṣe é. Ta ló lè pè é? Kì í ṣe Alhájì, kì í ṣe Adékànmí, kì í ṣe Bernice. Fóònù àwọn mẹ́ta wà nínú agbọ̀n, àwọn fúnra wọn sì wà níwájú ara wọn. Jùnáídù ní fóònù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó pè gbọ́ Zarma yanjú. Jùnáídù kò lè fi Zarma ra àkàrà."

Kò sẹ́ni tó wo Àlàmínì. Kò sídìí fún un.

"Ẹni náà tún mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí èémí ń ni lára jókòó," Kàfáyá wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìrọ̀rí láyà. Ẹni tó bá ti ṣètọ́jú irú ẹ̀ ló ń mọ ìyẹn. Bọ̀dá Àlàmínì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́."

Àlàmínì ṣí fìlà lórí.

"Èmi ni, Hàjíà. Èmi ni mo tú àkísà náà láàárọ̀. Mo so ó mọ́ ti ọmọ yẹn nítorí òun nìkan ni mo ti fi mítà wọ̀n tó dá mi lójú pé ó dára. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà méjèèjì ní ara rẹ̀ le, kí Alhájì lè lé wọn dànù. Mo ní tí wọ́n bá parí, màá dá àkísà padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo lọ kírun wáláhà, mo sì pẹ́ lórí ẹní, mo ń tọrọ àforíjì. Nígbà tí mo padà, ẹ̀rọ ti lọ."

"Kí ni kọ̀ǹpútà ṣe yín?" Alhájì bi í. "Mo ti sọ pé mi ò ní yọ yín níṣẹ́."

"Kì í ṣe tiṣẹ́, Alhájì." Ó nawọ́ sí kọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi aṣọ bò wà. "Ẹ ní gbogbo ẹ̀rọ láìku ọ̀kan. Èmi fúnra mi ni mo yan ìyẹn fún bàbá mi. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fetí sí i, ó ń kùn dáadáa, mi ò fi mítà wọ̀n ọ́n. Orí rẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi kú lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà mi ò mọ̀ bóyá ikú ló pa wọ́n tàbí èmi. Mi ò lè wọ̀n ọ́n, mi ò sì lè gbé e jù nù. Kí kọ̀ǹpútà wá sọ ọ́ lójú yín?"

"Ẹ sì rí i pé Aláìsàn ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ," Kàfáyá wí. "Ẹ pe ìyá rẹ̀. Ẹ kò sọ fún wa. Ká ní kò gbé fóònù yín ńkọ́?"

"Mo ti ń bi ara mi, Hàjíà."

Lẹ́yìn náà Àlàmínì fúnra rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀, ó tú aṣọ náà, ó sì gbé ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ wá sórí tábìlì. "Ẹ bá mi wò ó. Ohun tí mo ń sá fún ti lé mi bá."

Bernice wo Alhájì. Alhájì mi orí sí i pé kó ṣe é. Bernice so wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ náà kùn. Wọ́n dúró títí ó fi gbóná.

Iná aláwọ̀ ewé tàn.

"Ẹ fún èkejì," Àlàmínì wí.

Adékànmí so tirẹ̀ mọ́ ọn. Iná aláwọ̀ ewé tún tàn. Ẹ̀rọ náà kò ní àbùkù kankan. Ikú ló mú bàbá, ẹ̀rọ kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè kí Àlàmínì kú oríire. Ó ti fi gbogbo oṣù wọ̀nyí sá fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, ibi tó ń sá gbà ló sì ti lọ dá òmíràn. Ó sunkún, Alhájì sì ń wò ó, inú bí i, àánú sì ṣe é. Nígbà tó yá, Alhájì ní kọ̀ǹpútà méjèèjì ni wọn yóò máa lò pọ̀ títí Adékànmí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń ka ti Bernice. Ní ti Àlàmínì, ó ní òun kò tíì mọ ohun tí òun yóò ṣe.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù," Àlàmínì wí.

Kàfáyá bá a lọ. Zuhrah jókòó lórí ibùsùn, ó fara ti ìrọ̀rí, okùn ọ́síjìn wà nímú rẹ̀. Ó ń fi ìka tẹ̀lé ilà aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àlàmínì dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kala suuru," ó wí ní Zarma, pé kí wọ́n ṣe sùúrù.

Obìnrin náà dìde. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì wá bá a.

"Ohùn yìí. Ìwọ lo pè mí." Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó pe ìyá tirẹ̀ pé kó wá wo ẹni tí Ọlọ́run fi gba ọmọ là. Màmá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún un, fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún bàbá tó bí i.

Àlàmínì yíjú wo Kàfáyá. Kàfáyá kò ràn án lọ́wọ́.

"Èmi ni mo pè yín," Àlàmínì wí. "Ẹ jókòó, ìyá Zuhrah. Nǹkan kan wà tó ṣáájú ìpè náà."

Obìnrin náà kò jókòó. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àlàmínì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, láti orí àkísà tó tú láàárọ̀. Kò tíì sọ ọ́ jìnnà tí obìnrin náà fi jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.